Bí ilé wa ṣe dọ̀tí tó sì tún mọ́: èmi, ọmọ mẹ́ta, àti Mama ìsàlẹ̀

Àwọn tó bá wá sílé wa báyìí máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é tí àwọn ọmọ fi ń gbálẹ̀ láìjẹ́ pé mo pariwo. Èmi? Mo pariwo o. Mo pariwo fún oṣù mẹ́rin gbáko, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há, ilé sì ń dọ̀tí sí i ni. Ẹ jẹ́ kí n to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó mi lọ sí UK ní oṣù kẹsàn-án 2024, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ló bá lọ. Ká ní ó lọ lọ́dún kan ṣáájú ìgbà yẹn ni, gbogbo wa là bá jọ lọ, àmọ́ láti 11 oṣù kẹta 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní ẹni tó bá fi ìwé iṣẹ́ ìtọ́jú wọlé ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Bó ṣe di pé òun nìkan lọ nìyẹn, tí èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta kù sínú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta lápá Ológúnẹ̀rù, n'Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ àwọn ọmọ níbí. Àgbà jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 11 ni nígbà yẹn, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Èkejì lọkùnrin, ọmọ ọdún 8, Ọ̀gá la máa ń pè é nílé torí kì í gbé nǹkan fúnra ẹ̀, ńṣe ló máa ń ránni. Àbíkẹ́yìn náà obìnrin ni, ọmọ ọdún 4, Kékeré nìyẹn.

Èmi alára ò mọ ilé é tọ́jú, kì í ṣe àsọdùn. Èmi nìkan lọkùnrin láàárín obìnrin mẹ́rin nílé wa l'Óṣogbo. Ẹ rántí sanitéṣọ̀n olóṣooṣù yẹn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láyé ìjọba ológun Buhari, Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, aago méje sí mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn lójú títì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á máa kó gọ́tà, wọ́n á máa gbá ẹ̀yìnkùlé, èmi á jókòó ti rédíò bàbá wa. Tí mo bá mú ọwọ̀ pẹ́nrẹ́n, ìyá mi á ní kí n gbé e sílẹ̀ fún wọn. Ẹ sì mọ èyí tí àwọn àgbà máa ń sọ pé wọn kì í fi ọwọ̀ na ọkùnrin, kí nǹkan ọkùnrin ẹ̀ má baà kú. Èmi wá fi tèmi kún un pé ọkùnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Àlàyé yẹn ṣiṣẹ́ fún mi títí mo fi níyàwó, ó tún ṣiṣẹ́ fún mi lẹ́yìn tí mo níyàwó.

Torí náà ìyàwó mi ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ló máa ń jí. Àwọn ọmọ náà ò kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ ẹ̀, ìdí ẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹ̀ yá jù, tí Ẹ̀gbọ́n bá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ á ní "gbé e wá jàre, o ń dá mi dúró", á gbà á, ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti parí. Mi ò bú u o. Obìnrin tó fẹ́ wọ mọ́tò ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ibo ló ti fẹ́ ráyè máa dúró ti ọmọdé tó ń gbá ibì kan nígbà mẹ́ta?

Lóṣù àkọ́kọ́, a rí ìyá kan tó ń wá ní Sátidé, ó ń fọṣọ, ó ń bá wa tún ilé ṣe. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré, oyún inú ẹ̀ wọ oṣù, kò wá mọ́. A ò lówó òmíràn torí gbèsè owó ìrìnàjò la ṣì ń san. Ni mo bá di ṣójà. Mo tẹ táìmù-tébù lórí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, oríṣiríṣi àwọ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: Ẹ̀gbọ́n, pálọ̀ àti abọ́. Ọ̀gá, kíṣìnì. Kékeré, ìrànlọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní wọ́n ṣe díẹ̀ torí pé bébà náà dùn ún wò. Ọ̀sẹ̀ kejì, àfi kí n máa jágbe mọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ kẹta mo na Ọ̀gá lẹ́gba méjì, ó sunkún, kíṣìnì ò sì tìtorí ìyẹn mọ́.

Ẹ wo ohun tí mo kọ síbẹ̀ ná. "Ọ̀gá, kíṣìnì." Kí ló ń jẹ́ kíṣìnì? Ọmọ ọdún mẹ́jọ wọ kíṣìnì, ó dúró láàárín ẹ̀, ó wò yíká, ó jáde. Tí mo bá bi í á ní òun ti ṣe é. Mo pè é ní òpùrọ́, àmọ́ tí ẹ bá ní kí èmi náà wọ ibẹ̀ kí n tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mò ń fi ohun tí mi ò mọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ni.

Nígbà tí ọyẹ́ wá dé ní oṣù kejìlá, ọ̀rọ̀ wa kúrò ní kékeré. Eruku tó wà lórí fáànù le dé ibi tó jẹ́ pé tí NEPA bá mú iná dé, ńṣe ló ń já bọ́ sórí oúnjẹ wa. Aáyán ò sá fún èèyàn mọ́, wọ́n ń rìn bí ayálégbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí ike gààrí, mo rí ìgbẹ́ eku nínú ẹ̀. Kóńgò mẹ́rin gààrí, a dà á nù pátápátá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gan-an sì ni ibà Lásà máa ń jà jù, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ sì ni ọ̀nà kan pàtàkì tó ń gbà wọ ara èèyàn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, tí ara ọmọ kan bá gbóná díẹ̀ àyà mi á já. Kò ṣe ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n ra DDVP, oògùn apakòkòrò yẹn, onígò kékeré kí n wọ́n ọn káàkiri, mo ní rárá, NAFDAC ò déédéé ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré yẹn lọ́jà gbangba mọ́ láti 2019, ọmọ ọdún mẹ́rin wà nílé mi.

Bí mo ṣe gbọ́n lórí DDVP, bẹ́ẹ̀ ni mo gọ̀ lórí òmíràn. Ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù kìíní 2025, àwọn ọmọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní mo fẹ́ fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́nà tí kò fi ní dọ̀tí mọ́ láéláé. Mo da ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì sí i, mo wò ó pé kò tíì tó, mo wá da bleach lé e lórí. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú mi ti ń ta, ọ̀fun mi dí, ikọ́ sì mú mi tí mi ò lè dúró. Mo sá jáde sí bákónì. Mama tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ló gbọ́ ikọ́ mi tó gòkè wá. Mama yìí ti ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó nínú wọ́ọ̀dù ọsibítù fún ọdún 27 kó tó fẹ̀yìn tì, imú lásán ló fi mọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní kí n má padà wọlé, wọ́n fi ìbòrí wọn bo imú, wọ́n sáré ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n jáde, a jókòó síta fún bíi wákàtí kan. Wọ́n ní bleach àti ásíìdì, tí wọ́n bá pàdé ara wọn, gáàsì klorínì ló ń tibẹ̀ jáde. Mo wá gbé fóònù mi, mo wò ó, òun gan-an ni wọ́n tú sí àwọn ṣójà lára lójú ogun ní 1915. Èmi ń tú u sínú tọ́lẹ́ẹ̀tì tèmi.

"Ọkọ mi," Mama ní, "ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fọ ilé?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà."

"Mo rí i."

Wọ́n ní kí n dúró de Sátidé, àwọn máa wá.

Sátidé yẹn ni gbogbo nǹkan yí padà, kì í sì í ṣe torí ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀. Mama dé ní aago méje, wọ́n wé gèlè pẹlẹbẹ, wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí àwọn wò mí. Mo mú ọwọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá láti ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n ní, "Ibo lo ń gbá ìdọ̀tí lọ, ṣé yàrá lo fẹ́ kó o sí?" Àwọn ọmọ jókòó sórí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbálẹ̀ tán, mo wá ní kí n nu fáànù, eruku bọ́ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ọ̀gá ní, "Dádì, ẹ tún máa gbá a o!" Ká má parọ́, ojú tì mí, àmọ́ mo rí i pé ó ti pẹ́ tí inú àwọn ọmọ yìí ti dùn báyìí. Dádì ni wọ́n ń bá wí! Wọ́n bọ́ sílẹ̀ lórí àga lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè ríran dáadáa, kò pẹ́, Ẹ̀gbọ́n ti ń bi Mama ní ìbéèrè, Kékeré ti gbá àkísà mú. Kò sẹ́ni tó rán wọn.

Ohun tí Mama kọ́ wa kò ta kókó, àmọ́ ó ní bó ṣe tẹ̀léra. Kó ohun tó wà nílẹ̀ kúrò kó o tó mú ọwọ̀, bàtà, ìwé, aṣọ, kó gbogbo ẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, ẹ ṣì máa dá wọn padà sáyè wọn tó bá yá. Òkè lo ti ń bẹ̀rẹ̀: jànkáríwọ̀, fáànù, lúfà, tábìlì, ilẹ̀ ló kẹ́yìn. Fún fáànù, ẹ wá àpò ìrọ̀rí tó ti gbó, ẹ fi wọ apá fáànù bí ìgbà tí ẹ bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ wá fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, inú àpò yẹn ni eruku máa kù sí. (Èyí nìkan, mo ti kọ́ bíi èèyàn mẹ́fà níbi iṣẹ́.) Kọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ọ̀pù, ẹ̀yìn lo ń fi rìn kó o má baà tẹ ibi tó o ti nù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán, tí omi bá ti dúdú, dà á nù, àbí ìdọ̀tí lo fẹ́ máa fi pa ilẹ̀. Àkísà tọ́lẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ jáde nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì láyé, Mama ya aṣọ àǹkárá pupa kan fún ìyẹn kó má baà ṣi wá lójú. Bleach? Omi nìkan ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò torí bleach kì í rí ọwọ́ mú níbi tí ìdọ̀tí bá ṣì bò, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orí wọ́dúróòbù mi ni bleach ń gbé báyìí, àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ tèmi ni.

Ibẹ̀ náà ni Ọ̀gá ti gbé ọ̀rọ̀ ọwọ̀ dé. Ó ní Grandma sọ pé ọwọ̀ kì í ṣe fún ọkùnrin. Ibi tó ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Mama wo èmi, wọ́n wo òun, wọ́n ní, "Wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ fi nà ẹ́ ni, wọn ò ní o ò gbọdọ̀ fi gbálẹ̀. Bàbá àti ọmọ, ẹ gbé ọwọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn mo ya táìmù-tébù, mo wá ní kí kálukú mú ohun tó wù ú. Ti Ọ̀gá yà mí lẹ́nu. Ó rí i tí nǹkan ń jà lọ jà bọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù omi wa ní kíṣìnì, Mama ní tanwíjí ni, pé ẹ̀fọn ló máa dà. Kò gbà. Ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó fi nẹ́ẹ̀tì tó ti ya dé e lórí, ó gbé e sí bákónì, ojoojúmọ́ ló ń lọ wò ó kó tó fọ ẹnu. Ọjọ́ kẹfà ó pariwo pè wá, ẹ̀fọn méjì ti bà sí abẹ́ nẹ́ẹ̀tì! Bí a bá fọ dúrọ́ọ̀mù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò ní ráyè débẹ̀, torí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹyin ẹ̀fọn tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Òun ló ń ṣọ́ dúrọ́ọ̀mù látìgbà yẹn. Èmi á dà á dùbúlẹ̀, òun á fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá gbàgbé láti dé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ara yín sọ ọ́.

Kékeré ló ń to ṣíbí, tó ń so ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ ní méjì méjì, tó sì ń fọ fláàsìkì oúnjẹ iléèwé. Tinútinú ni mo fi ń rántí òwe ọwọ́ ọmọdé tí ò tó pẹpẹ àti tàgbà tí ò wọ kèrègbè, torí lóòótọ́ ọwọ́ mi ò wọ fláàsìkì yẹn, tiẹ̀ wọ̀ ọ́ dé ìdí.

Ẹ̀gbọ́n ò mú nǹkan kan. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Lálẹ́, nígbà tí àwọn yòókù ti sùn, ó gbé ìwé Mátììsì ẹ̀ wá, ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ hàn mí. Ó ti ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ fún gbogbo alẹ́ tó bá fọ abọ́ láti ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ ti lọ. Mo kà á dé 90, mo dákẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o. Ṣé torí pé mo jẹ́ obìnrin ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo jáde sí bákónì, mo pe ẹ̀gbọ́n mi àgbà l'Óṣogbo, mo rò ó fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ẹ̀rín yẹn yí padà, wọ́n ní, "Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń dúró kó o bi mí." Ibi tí ọ̀rọ̀ wa parí sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Láti ọjọ́ kejì, ẹni tó bá jẹun ló ń fọ abọ́ ara ẹ̀, Kékeré náà ń fọ tiẹ̀, orí àpótí ló ń dúró sí. Ìkòkò la ń pín: Monday àti Thursday tèmi, Ọ̀gá ní ọjọ́ méjì, Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ méjì, Sunday a jọ ń ṣe é. Oṣù kan gbáko Ẹ̀gbọ́n kò ṣe nǹkan mìíràn lẹ́yìn ti ìkòkò tiẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló wá ní òun fẹ́ pálọ̀, ó ní orin tí òun bá fẹ́ ni a máa gbọ́ tí òun bá ń ṣe é. Mo gbà, etí mi ló ń jìyà ẹ̀.

A ṣe àṣìṣe míì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í san 50 naira fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dùn, títí mo fi ní kí Ọ̀gá bá mi gbé omi mímu wá, tó bi mí pé èélòó. Mo fòpin sí i lọ́jọ́ náà. Òmíràn ni ti ọjọ́ tí Ọ̀gá nu kíṣìnì tán, tí omi kún ibi gbogbo, mo dúró kó lọ, mo wá gbé mọ́ọ̀pù, mo tún un nù. Ó padà wá mu omi, ó bá mi níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì kò fọwọ́ kan mọ́ọ̀pù, nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ṣebí ẹ máa tún un ṣe ni." Ohun tó ṣòro fún mi jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí, ju tọ́lẹ́ẹ̀tì fífọ̀ lọ, kéèyàn rí ibi tí ọmọ fò kó sì kó ọwọ́ sápò. Tó bá burú jù, mo máa ń pè é kó wá wò ó, òun náà ló máa tún un ṣe. Tí kò bá burú, mi ò rí i.

Àríyànjiyàn "ó ti mọ́, kò tíì mọ́" ń jẹ wá lákòókò, Kékeré ló yanjú ẹ̀ láìmọ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ó ń sáré kiri pálọ̀, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, àtẹ́lẹsẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo wa wò ó. Ó di òfin bẹ́ẹ̀: tí Kékeré bá fi ìbọ̀sẹ̀ funfun rìn yíká tí kò dúdú, a ti parí. Kò sẹ́ni tó lè bá ìbọ̀sẹ̀ jiyàn, kódà èmi.

Kì í ṣe pé ó ń lọ geere. Nígbà ìdánwò tẹ́ẹ̀mù kẹta gbogbo nǹkan dàrú, èmi náà ń pẹ́ níbi iṣẹ́, aáyán tún gbọ́ ìròyìn wa, wọ́n padà. Ní alẹ́ pàápàá a máa ń gbálẹ̀, torí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mò ń wọlé, Mama ìsàlẹ̀ ò fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ní wọn kì í gbálẹ̀ lálẹ́ dà síta, ire ilé ni wọ́n ń gbá lọ. A wá ń kó o jọ sínú pákà sẹ́yìn ilẹ̀kùn di ilẹ̀ mọ́, kí ire àti pàǹtí jọ sùn síbẹ̀. Iṣẹ́ Sátidé tó ń gba wákàtí mẹ́rin níbẹ̀rẹ̀ ti bọ́ sí wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù la máa ń fà àga kúrò lára ògiri, lọ́jọ́ yẹn mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fídíò kí wọ́n wò mí bí mo ṣe ń kó gọ́tà, wọ́n ní ó wù wọ́n ju sinimá lọ.

Ìyàwó mi gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dé ní oṣù kejìlá 2025. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, tí a ti jẹun tán, ó wọ kíṣìnì, ó ṣí dúrọ́à, ó rí i pé ibi tí òun ń tọ́jú ọ̀bẹ tẹ́lẹ̀ ni ṣíbí wà, ṣíbí kékeré lápá òsì, ńlá lápá ọ̀tún, fọ́ọ̀kì gbogbo kọjú sí ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn padà síbi tí wọ́n wà láyé ẹ̀. Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí, ẹnu ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní, "Mọ́mì, ibi iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ìyàwó mi wo èmi. Mi ò dá sí i. Ó kó ṣíbí yẹn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, Kékeré ń nawọ́ sí ibi tí kálukú wọn ń gbé, fọ́ọ̀kì kan tó gbé sódì, wọ́n ní kó yí i.